Níbo Ni Kí Ẹ Fi Ara Yín Sílẹ̀ fún Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn? Ìfiwéra fún Ọmọ Abẹ́òkúta Tó Wà Lókè Òkun

Ẹni tó ń gbé London tàbí Houston, tó wá pinnu pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi òkú òun kọ́ṣẹ́, ọ̀nà márùn-ún ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè fi ara sílẹ̀ fún ilé ìwé ìṣègùn ní Ìlú Ọba, fún yunifásítì ní Amẹ́ríkà, tàbí fún ilé iṣẹ́ aládàáni ní Amẹ́ríkà kan náà. Ó lè ní kó jẹ́ nílé níbí, ní Ṣágámù, Ìbàdàn tàbí Ìdí-Àràbà. Ó sì lè fi ẹ̀yà kan péré sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kí wọ́n gbé ìyókù wá sí Abẹ́òkúta fún ìsìnkú.

Ibi tí ikú bá ti bá èèyàn ló ń pinnu ilé ìwé tó lè gbà á. Kò sí ilé ìwé ìṣègùn ní Manchester tó máa rán ọkọ̀ òfuurufú wá gbé òkú ní Ìdí-Aba, Ṣágámù náà kò sì ní san owó gbígbé òkú láti Baltimore. Ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí níbì kan, agbègbè ibẹ̀ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè èyí tó dára jù, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tó ṣeé ṣe jù kí ọlọ́jọ́ ti dé. Ìbéèrè náà kò dùn-ún bi ara ẹni, àmọ́ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń lo oṣù mẹ́fà ní Peckham, oṣù mẹ́fà ní Ọbáńtokò, kò lè sá fún un.

Ohun méjì tí wọ́n máa ń dà pọ̀

Fífi kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ fún aláìsàn tó nílò rẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀, fífi gbogbo ara sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀tọ̀. Ní England, láti ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2020, òfin ti ka ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà sí ẹni tó fara mọ́ fífi ẹ̀yà ara sílẹ̀, àfi tó bá sọ pé òun kò ṣe. Wales ti ń ṣe é láti 2015, Scotland láti 2021. Òfin yẹn kò kan ẹ̀kọ́ anatomy, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí inú ara èèyàn ṣe rí, rárá. Ẹni tó rò pé torí pé orúkọ òun wà lọ́dọ̀ NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, ilé ìwé ìṣègùn á wá gbé òun, ara rẹ̀ ló ń tàn. Bákan náà, àmì tí wọ́n fi sí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà pé ẹ fẹ́ fi ẹ̀yà ara sílẹ̀ kò fi orúkọ yín sínú ìwé yunifásítì kankan.

Àwọn méjèèjì tún máa ń dí ara wọn lọ́wọ́. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ilé ìwé máa ń ti oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú jẹrà gbà wọ gbogbo ara. Bí wọ́n bá ti gé kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ jáde, oògùn náà á máa jò níbi tí wọ́n ti gé, kò ní dé ẹsẹ̀, kò ní dé ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé fi máa ń kọ òkú tí wọ́n ti yọ ẹ̀yà lára rẹ̀. Awọ ẹyinjú, ìyẹn kọ́níà, ni wọn kì í sábà bínú sí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe méjèèjì lè fọwọ́ sí ìwé méjèèjì, kó sì kọ èyí tó gbọ́dọ̀ ṣíwájú síbẹ̀.

Ohun tí a fi wọ̀n wọ́n

Ohun márùn-ún ni. Ta ló lè fọwọ́ sí i, ṣé ẹbí sì lè dà á rú? Báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé wọ́n á kọ òkú náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè wọ́n? Èló ló máa já lé àwọn tó kù lórí? Nígbà wo ni ohun tó kù máa padà, ṣé eérú ni tàbí òkú odindi? Èyí tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ ilé: ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, mọ̀lẹ́bí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi owó ṣáájú. Èkejì ni kí ẹ fi ṣáájú, torí ọ̀fẹ́ tí wọ́n bá kọ̀ lọ́jọ́ ikú, gbèsè ló máa ń dà láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ilé ìwé ìṣègùn ní Ìlú Ọba

Human Tissue Act ti 2004 ló ń darí rẹ̀ ní England, Wales àti Northern Ireland; Scotland ní òfin tirẹ̀. Àjọ tí wọ́n ń pè ní Human Tissue Authority ló ń fún àwọn ilé ìwé ní àṣẹ. Òfin náà le gan-an lórí ọ̀rọ̀ kan: ẹni tó ni ara nìkan ló lè yọ̀ǹda rẹ̀, nígbà tó ṣì wà láàyè, nínú ìwé, níṣojú ẹlẹ́rìí. Ìyàwó, ọkọ, ọmọ, ẹni tí ẹ fún láṣẹ láti máa bójú tó owó yín, kò sí èyí tó lè fọwọ́ sí i fún yín lẹ́yìn ikú. Bàbá tó bá ń sọ ọ́ lẹ́nu fún ogún ọdún láìkọ ọ́ sílẹ̀, ẹnu lásán ló wà. Ọmọ ọdún 17 sókè ló lè ṣe é.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é kò ṣòro. Lórí ìkànnì Human Tissue Authority, ẹ ó fi postcode yín wá ilé ìwé tó ń gba òkú ní agbègbè yín. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n fi fọ́mù ránṣẹ́. Nínú fọ́mù náà, àwọn ibì kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fò: bí ọdún tí wọ́n lè fi pa òkú mọ́ ṣe pọ̀ tó (ọdún mẹ́ta ló wọ́pọ̀, àmọ́ àwọn kan máa ń béèrè bóyá ó lè jẹ́ títí láé), bóyá wọ́n lè tọ́jú ẹ̀yà kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun ìyókù, bóyá wọ́n lè ya àwòrán, àti ẹni tí wọ́n máa fún ní eérú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, tí ẹlẹ́rìí náà ti fọwọ́ sí i, ẹ dá ẹ̀dà kan padà fún ilé ìwé, ẹ mú ọ̀kan dání, ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, kí ẹ sì fún ọmọ tó máa gbé fóònù lóru ní ọ̀kan. Ẹ lè yí ọkàn padà nígbàkigbà. Ẹ sáà kọ ọ́ sí wọn.

Ní ti owó, ọ̀nà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ń sun òkú lówó ara wọn nígbà tí wọ́n bá parí, wọ́n sì máa ń ṣe ìsìn ìdúpẹ́ fún àwọn ẹbí. Ọ̀pọ̀ wọn tún ń san owó ọkọ̀ tí òkú bá wà ní agbègbè wọn. Tó bá jìnnà, ẹbí ló máa san án. Ẹ fi èyí wé ìsìnkú ráńpẹ́ ní Ìlú Ọba tó ti lé ní £4,000.

Ìjákulẹ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n máa ń kọ̀. Fọ́mù tí ẹ fọwọ́ sí, ìyọ̀ǹda tiyín ni. Wọn kò fi ṣèlérí. Ọjọ́ ikú gan-an ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Èyí tó ń bá àwọn èèyàn wa jù ni coroner, ìyẹn aláṣẹ tó ń wádìí ohun tó pa òkú. Ní England, dókítà tó tọ́jú aláìsàn nígbà ayé rẹ̀ ló ń kọ ohun tó pa á, láti oṣù kẹsàn-án 2024 sì ni dókítà mìíràn ti ń yẹ ìwé náà wò kí wọ́n tó lè forúkọ ikú sílẹ̀. Ẹni tí kì í dé ọ̀dọ̀ GP, tó ń ra oògùn ní òpópónà Rye Lane ní Peckham tàbí tó ń fi àgbo gbé ara ró, bó bá ṣubú lulẹ̀ nílé, ó ṣeé ṣe kí coroner ní kí wọ́n ṣí òkú wò. Òkú tí wọ́n bá ti ṣí, ilé ìwé kò ní gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ fi ara sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní GP, kó sì máa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àrùn tó lè ran àwọn tó ń gé òkú: HIV, ikọ́ ẹ̀gbẹ, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B àti C. Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà ní 2018 rí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B lára èèyàn bíi mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, púpọ̀ nínú àwọn tó ní in kò sì mọ̀. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́mù. Àǹfààní rẹ̀ fún ìlera yín gan-an ju ti ilé ìwé lọ. Wọ́n tún máa ń kọ ẹni tó sanra jù, torí ọ̀rá ń bo iṣan mọ́lẹ̀, tábìlì kò sì gbà á. Ẹni tí omi kún ara rẹ̀. Ẹni tí egbò ìdùbúlẹ̀ ti jẹ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Nígbà mìíràn, kò sí àyè mọ́ ni, tàbí ó jẹ́ àsìkò Kérésìmesì tí ọ́fíìsì wà ní títì.

Àṣà wa náà ń fa ìdádúró. Inú fíríìjì mọ́ṣúárì ni ilé ìwé fẹ́ kí òkú wà, kí ẹnikẹ́ni má gún un lábẹ́rẹ́ oògùn, kí wọ́n sì pè wọ́n ní ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú. Ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n ní kó tó pẹ́ jù. Bí ẹbí bá ń dúró de ẹ̀gbọ́n àgbà ní Ìbàrà kó tó sọ̀rọ̀, tí wọ́n tún ń dúró de ọmọ tó wà ní Canada, àyè á ti bọ́.

Yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn fà á yọ láti inú òfin àwòṣe kan tí wọ́n ń pè ní Uniform Anatomical Gift Act, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, tí wọ́n tún ṣe ní 2006. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ti Ìlú Ọba tóbi: bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan kí ẹ tó kú, ọkọ, ìyàwó tàbí àwọn ọmọ tó ti dàgbà lè fi ara yín sílẹ̀. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i fúnra yín, òfin kò gbà kí wọ́n fagi lé e. Àmọ́ àwọn yunifásítì kan fẹ́ kí ẹni tó ni ara fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ láàyè, torí náà ẹ má gbára lé àwọn ọmọ.

Ilé ìwé bíi UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles, ti ń gba òkú láti 1950, àwọn tó dàgbà bẹ́ẹ̀ sì mọ iṣẹ́ wọn. Owó ni kò dọ́gba. Àwọn kan máa ń gbé òkú lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ìwọ̀n máìlì tí wọ́n dá, àwọn mìíràn máa ń ní kí ẹbí gba ilé iṣẹ́ asìnkú tó máa gbé e wá. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń dá eérú padà, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. Àwọn kan máa ń sin ín pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn. Ọdún kan sí mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbà. Ohun tó ń mú kí wọ́n kọ òkú jọ ti Ìlú Ọba, àyàfi pé wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n àti gíga tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ kedere, èyí tí ẹ lè fi wọn ara yín láti ìsinsìnyí.

Ẹ̀tàn kò sí nínú ọ̀pọ̀ wọn, àmọ́ ẹ má rò pé orúkọ ńlá ni ààbò. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan ẹni tó ti jẹ́ alábòójútó mọ́ṣúárì ilé ìwé ìṣègùn Harvard pé ó ń jí ẹ̀yà ara òkú tà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé tí ẹ bá fẹ́ yàn bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà tọpa òkú láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi ìsunkú. Ilé ìwé tó bá dáhùn láìjanpata ni kí ẹ gbà.

Ilé iṣẹ́ aládàáni ní Amẹ́ríkà

Àwọn wọ̀nyí kò ní akẹ́kọ̀ọ́. Ńṣe ni wọ́n máa ń gba òkú, tí wọ́n á gé e sí ẹ̀yà ẹ̀yà, tí wọ́n á sì fi orúnkún ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe irin orúnkún, ejìká sí ibi tí àwọn dókítà ti ń kọ́ iṣẹ́ abẹ. Ohun tó ń fa èèyàn mọ́ wọn ni pé wọn kò le bíi yunifásítì. Wọ́n máa ń gba ẹni tí yunifásítì kọ̀, wọ́n ń gbé òkú lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń sun ún lọ́fẹ̀ẹ́, eérú sì lè dé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Eérú apá tí wọn kò lò ni eérú náà o.

Ìṣòro ibẹ̀ ni òfin. Kò sí òfin àpapọ̀ tó ń ṣọ́ wọn bó ṣe ń ṣọ́ ìfẹ̀yàtọrẹ fún aláìsàn. Ní 2014, àwọn FBI, ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀, ya wọ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan ní Arizona. Ó hàn lẹ́yìn náà pé wọ́n ti ta òkú àwọn kan fún iṣẹ́ ológun tí wọ́n fi ń dán bọ́ǹbù wò, láìjẹ́ pé ẹbí mọ̀. Ní 2019, ilé ẹjọ́ dá owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 58 dọ́là lé ẹni tó ni ín lórí. Bí ẹ bá máa gba ọ̀nà yìí, ilé iṣẹ́ tí American Association of Tissue Banks fọwọ́ sí nìkan ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì ka ibi tí fọ́mù ti sọ ohun tí wọ́n lè lò ó fún. Bí wọ́n bá kọ "ohunkóhun tó bá yẹ", ẹ má fọwọ́ sí i.

Bó bá jẹ́ owó nìkan ló ń lé yín síbẹ̀, a kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Nílé níbí: Ṣágámù, Ìbàdàn, Ìdí-Àràbà

Ọ̀pọ̀ ló rò pé Nàìjíríà kò ní òfin fún èyí. Ó ní. National Health Act ti 2014 gbà kí ẹni tó lè ṣe ìwé ìhágún fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tàbí ìwádìí: nínú ìwé ìhágún náà, nínú ìwé mìíràn tó fọwọ́ sí níṣojú ẹlẹ́rìí méjì, tàbí lẹ́nu níṣojú ẹlẹ́rìí méjì. Òfin kan náà ka títa ẹ̀yà ara sí ẹ̀ṣẹ̀, torí náà ẹni tó bá sọ pé wọ́n máa san nǹkan fún ẹbí, ẹ sá fún un.

Òfin wà, àṣà kò tíì sí. Òkú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ń kọ́ṣẹ́, púpọ̀ jù lọ jẹ́ ti àwọn tí ẹnikẹ́ni kò wá béèrè ní mọ́ṣúárì, àwọn kan sì jẹ́ ti àwọn tí ìbọn pa. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n lo òun ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn òṣìṣẹ́ kan kò ní mọ fọ́mù tí wọ́n máa fún yín. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe ìwé náà fúnra yín.

Kì í ṣe ilé ìwosàn ló ń gba òkú fún ẹ̀kọ́, ẹ̀ka anatomy ní yunifásítì ni. Ilé ìwosàn Lantoro ti wà láti 1895, FMC, ilé ìwosàn ìjọba àpapọ̀, wà ní Ìdí-Aba, àmọ́ ibi tí ẹ máa kọ̀wé sí ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Olabisi Onabanjo University ní Ṣágámù, Babcock ní Ìlísàn-Rẹ́mọ, University of Ibadan, tàbí ti UNILAG ní Ìdí-Àràbà. Ẹ kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka anatomy, kó gba ọwọ́ provost, ìyẹn ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, kọjá, kí ẹ sì ní kí wọ́n dá a lóhùn lórí ìwé. Ohun tí ẹ máa béèrè: ṣé wọ́n á wá gbé òkú ní Abẹ́òkúta, àbí ẹbí ló máa san owó ọkọ̀? Ta ló máa san owó mọ́ṣúárì kí wọ́n tó dé? Ọdún mélòó? Ṣé wọ́n á sin ohun tó kù tàbí wọ́n á dá a padà fún ẹbí? Ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín lórí fóònù kò tó. Ọ̀gá tó dáhùn lónìí lè ti fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ náà.

Ẹ má fi ìwé ìyọ̀ǹda náà sínú ìwé ìhágún nìkan. Òfin gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìsìnkú ni wọ́n sábà máa ń ka ìwé ìhágún níbí, nígbà tí yẹ̀pẹ̀ ti bo gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣe ìwé ọ̀tọ̀, kí lọ́yà ní ẹ̀dà, kí ilé ìwé ní ẹ̀dà.

Mọ́ṣúárì ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́ níbí. Torí iná mànàmáná, àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ṣúárì wa kì í gbẹ́kẹ̀ lé fíríìjì. Kíá ni wọ́n ń gún òkú ní fọ́málínì, ìwọ̀n tó máa gbé e dé ọjọ́ ìsìnkú. Èyí tí ilé ìwé ń fẹ́ yàtọ̀. Lítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n máa ń rọra tì wọ iṣan itan tàbí ti ọrùn, fọ́málínì pọ̀ mọ́ glycerine kí ara má baà gbẹ bí igi, phenol kí olú má baà hù sí i, àti ọtí spirit. Bí wọ́n bá ti gún un ní gbẹ̀rẹ́fu, tí iṣan ti le, oògùn kejì kò ní rí ọ̀nà gbà. Nítorí náà, ilé ìwé ni ẹ máa kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní mọ́ṣúárì lówó abẹ́rẹ́. Nínú ooru wa, wákàtí ni ẹ ń kà, kì í ṣe ọjọ́.

Ti ẹbí ńkọ́? Lábẹ́ òfin, ọ̀rọ̀ ẹni tó kú ló ga jù. Lójú ayé, kò sí ọ̀gá anatomy tó máa bá mọ̀lẹ́bí fa òkú ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣúárì. Ẹni tí ẹ bá mọ̀ pé ó máa pariwo jù, ìbáà jẹ́ baálé ilé tàbí àbúrò yín tó jẹ́ díákónì, òun ni kí ẹ fi ṣe ọ̀kan nínú ẹlẹ́rìí méjèèjì. Bó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí ẹ ṣì lè bá a sọ ọ́.

Kí ẹ̀yà kan dúró, kí ìyókù wálé

Èyí ló bá ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n kì í sábà dárúkọ. Ní Ìlú Ọba, àwọn ilé ìtọ́jú ọpọlọ fún ìwádìí wà. Ọpọlọ àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì tún ń fẹ́ ti ẹni tí kò ní àrùn kankan, kí wọ́n lè rí èyí tí wọ́n máa fi wé. Ti ọmọ adúláwọ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn, torí náà ìwádìí kò tíì sọ púpọ̀ nípa wa. Ẹ ó forúkọ sílẹ̀ láàyè, wọ́n á sì fẹ́ yọ ọ́ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn ikú. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ ọ́ kì í jẹ́ kó hàn lójú òkú nínú pósí. Ìbàdàn náà ti bẹ̀rẹ̀ irú ilé ìtọ́jú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ fún ìwádìí ọjọ́ ogbó àti àrùn ìgbàgbé. Kọ́níà yá ju èyí lọ: láàárín wákàtí 24 ni wọ́n máa ń yọ ọ́.

Owó ibẹ̀ ni ti ọkọ̀ òfuurufú, ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn mélòó kan ní gbogbo rẹ̀. Láti England, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó coroner létí pé òkú ń jáde nílùú, kí ẹ sì dúró ọjọ́ mẹ́rin àfi tí wọ́n bá tètè dáhùn. Ilé iṣẹ́ asìnkú á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á kọ ìwé pé kò ní àrùn tó ń ràn, wọ́n á tẹ́ síǹkì sínú pósí kí wọ́n sì jó ẹnu síǹkì náà pọ̀, wọ́n á gba ìwé lọ́dọ̀ àwọn aṣojú Nàìjíríà ní London. Ní Ìkẹjà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibùdókọ̀ òfuurufú á yẹ ìwé wò. Ìwé tó máa ń dá wọn dúró jù ni èyí tí orúkọ inú rẹ̀ kò bá ti ìwé ìrìnnà mu. Ẹ wo ti yín nísinsìnyí.

Fún ẹni tó wà ní Jámánì, tàbí tó ń ro ti ìlú Heidelberg níbẹ̀, gbólóhùn kan kan ti tó. Láti 2004 tí ìjọba Jámánì ti fòpin sí owó ìsìnkú, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ibẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ara sílẹ̀, tó máa ń tó ọgọ́rùn-ún yúrò lọ́nà mélòó kan, nígbà mìíràn tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ibi tí wọ́n ti ń fi rọ́bà rọ́pò omi ara òkú ní Heidelberg kì í dá nǹkan kan padà fún ẹbí.

Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, agboolé

Ìjọ Kátólíìkì ti gba sísun òkú láyè láti 1963, àmọ́ ní 2016 Vatican ní wọn kò gbọ́dọ̀ tọ́jú eérú sílé tàbí fọ́n ọn ká. Ẹni tó jẹ́ ti ìjọ náà gbọ́dọ̀ ti ní ibojì tí wọ́n máa gbé eérú sí. Fún Mùsùlùmí, sísun òkú kò ṣeé gbà, ìdádúró ọdún mẹ́ta sì tako ìsìnkú kíákíá. Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀kan lórí fífi ẹ̀yà ara sílẹ̀. Ẹ bi ààfáà yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kọ́níà sì ni ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn àgbà nílé máa ń fẹ́ nǹkan tí wọ́n máa rí sin. Irun orí àti èékánná ni àwọn baba wa máa ń gbé wálé nígbà tí òkú kò bá ṣeé gbé, ó sì ṣì ń tu ẹbí nínú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé kí wọ́n gé e ní mọ́ṣúárì ilé ìwosàn kí ọkọ̀ ilé ìwé tó dé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọlé, kò ní rọrùn mọ́.

Ta ni kó yan èwo

Ẹni tó ti fìdí kalẹ̀ ní Ìlú Ọba, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, tó ní GP, tí kò sì fẹ́ fi owó ìsìnkú dá wọn lágara: ilé ìwé ìṣègùn agbègbè rẹ̀ ni, pẹ̀lú owó díẹ̀ nípamọ́ fún ọjọ́ tí wọ́n bá kọ̀ ọ́. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, yunifásítì ìpínlẹ̀ rẹ̀. Aládàáni, àfi ẹni tí yunifásítì ti kọ̀, tó sì ti ka fọ́mù dé ìlà tó kẹ́yìn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé ní Ìtòkò, tó mọ̀ pé wọn kò ní gbà kí wọ́n sun ún, kó fi ọpọlọ tàbí kọ́níà sílẹ̀, kó sì ra ìwé adójútòfò tó ń san owó gbígbé òkú wálé. Ẹni tó ti padà sílé pátápátá, Ṣágámù ló sún mọ́ ọn jù.

Ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ ni kó ṣe ìwé méjì, ọ̀kan fún ilé ìwé ní Ìlú Ọba, ọ̀kan lábẹ́ òfin Nàìjíríà, kí ìkejì sọ pé òun ń ṣiṣẹ́ bí ikú bá ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà nìkan, kí lọ́yà má baà rò pé ó fagi lé ti àkọ́kọ́. Kó kọ nọ́ńbà ilé ìwé méjèèjì sórí káàdì kékeré, kó fi sẹ́yìn ìwé ìrìnnà, kó sì fi nọ́ńbà ọmọ tàbí àbúrò tó máa pè wọ́n sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.